Abo Màlúù Tí Bùbá Ní Ká Yà Sọ́tọ̀

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bàbá mi ní màlúù ní gáà Fúlàní kan lójú ọ̀nà Kúta. Wàsíù, jókòó dáadáa. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ dókítà ẹran, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Bàbá mi kì í da ẹran o. Alfa ni wọ́n, kéú ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Bùbá Fúlàní ló ń bá wọn da màlúù. Bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn nìyẹn: darandaran á máa mu wàrà, ẹni tó ni màlúù á ní ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Lónìí ńkọ́? Ta ló lè fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì?

Bàbá mi wá ra abo màlúù funfun kan, ó lóyún. Inú wọn dùn, wọ́n ní méjì làwọn rà. Bùbá yí i po, ó wo ìdí rẹ̀, ó mirí. Ó ní, "Alfa, èyí ti ju ọmọ nù rí. Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ títí yóò fi bí."

Bàbá mi ní, "Bùbá, Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Dà á mọ́ wọn."

Ó dà á mọ́ wọn. Kí ló fẹ́ ṣe?

Kò pẹ́, màlúù funfun yẹn ju ọmọ nù sáàárín agbo. Òmíràn tẹ̀ lé e... òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́, bàbá mi ṣe bí ẹni tí kò rántí ohun tí Bùbá sọ mọ́. Wọ́n ní Bùbá ń fi igi lu ẹran níkùn, kí ọmọ lè kú, kó lè dá wàrà mu. Bùbá ní, "Alfa, màlúù tí kò bímọ, wàrà wo ló fẹ́ fún mi?" Wọ́n lé e.

Ta ló wá kù? Ìyá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò rí ọmọ mìíràn bí, ìgbà yẹn gan-an ni oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Bí màlúù bá ju ọmọ nù, tí ibi ọmọ há sí i nínú, ìyá mi ló ń kúnlẹ̀ fọwọ́ lásán fà á jáde. Èmi ni mò ń bu omi sí wọn lọ́wọ́. Omi lásán, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ wà nílé.

Ibà mú wọn. Á lọ, á tún dé. Òógùn á rin aṣọ wọn gbingbin. Wọ́n ń mu àgbo, kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oyún náà wálẹ̀. Ọkùnrin ni. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lóyún mọ́.

Ni ẹnu àdúgbò bá ṣí. Wọ́n ní àjẹ́ ni ìyá mi, pé òun ló jẹ oyún màlúù tán, ó wá kan tara ẹ̀. Bí ìyá mi bá ń kọjá, wọ́n á pe ọmọ wọn wọlé. Bàbá mi ń gbọ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí wọ́n mọ ohun tí Bùbá sọ. Ìyá mi fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Wọ́n á bi mí pé, "Ráfátù, àbí mo ń ṣe é tí mi ò mọ̀?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ Wàsíù lo sọ pé àrùn kan wà tó ń ba oyún màlúù jẹ́, pé kòkòrò rẹ̀ wà nínú ibi ọmọ ẹran, ó sì lè ran aboyún. O sọ ọ́ tán, ò ń jẹun rẹ lọ. Èmi ò lè jẹun mọ́.

Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ máa se wàrà kẹ́ ẹ tó mu ún. Bí darandaran bá sọ̀rọ̀ ẹran, ẹ fetí sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lọ sọ ti ìyá mi fún? Àwọn tó pè wọ́n lájẹ̀ẹ́ ti kú tán. Ìyá mi náà ti kú... wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ò ṣe nǹkan kan.