Ibi Funfun tí Mo Fi Tàdáwà Dí

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, n kò sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni aládùúgbò mi ń kó kúrò ní Mission Bend, àdúgbò wa nílẹ̀ òkèèrè yìí, èmi ni mo sì fà á.

Ìyá Mei là ń pè wọ́n. Ará Taiwan ni wọ́n. Ilé wọn ló kángun sí tèmi. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìkọ̀wé àtijọ́ ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ odidi ọ̀rọ̀. Àwọn kan ti gé àwọn àmì náà kúrú, ṣùgbọ́n Bàbá kì í yọ ìlà kan kúrò. Wọ́n kọ́ èmi náà díẹ̀: ìkọ̀wé adúróṣánṣán, tí gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń kún fún tàdáwà. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Kí Bàbá tó kú, wọ́n kọ àmì kan ṣoṣo sórí ìwé gbọọrọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "pípadà sílé". Ìkọ̀wé asáré ni wọ́n lò, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì máa ń sáré kọjá lórí ìwé láìdúró. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, tàdáwà ti ń tán lára búrọ́ọ̀ṣì, ìlà ìkẹyìn sì dà bí ilẹ̀ tí a fi ìgbálẹ̀ gbá, dúdú àti funfun.

Nígbà tí òrùlé Ìyá Mei ń jò, wọ́n gbé ìwé náà wá sọ́dọ̀ mi kí eruku àwọn káfíńtà má bà á jẹ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ọkàn mi balẹ̀ sí."

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. N kò mọ̀ pé ìkọ̀wé asáré máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ibi funfun sílẹ̀; mo rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kí Bàbá lè parí ìlà náà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní èrò burúkú. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí Bàbá fún mi nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi, mo dí gbogbo ibi funfun náà. Inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi tán.

Nígbà tí Ìyá Mei gbé e kọ́ padà, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún fà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ibi tó funfun yẹn ni mo ti máa ń rí i bí ọkọ mi ṣe ń mí. N kò rí i mọ́. Àbí ẹnì kan fọwọ́ kàn án?"

Mo ní, "Rárá o, Mà. Bóyá ojú yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ojú yìí náà ti fẹ́ tẹ̀lé ọkọ mi lọ nìyẹn."

Láti ìgbà náà, wọn kò fọkàn tán ojú wọn mọ́. Wọn kò wa mọ́tò mọ́. Dókítà ní ojú wọn kò ní nǹkan kan. Wọ́n ní dókítà kò mọ̀ ọ́n, Tíṣà kì í parọ́. Ni Mei, ọmọ wọn, bá ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Baytown. Wọn kò fẹ́ lọ. Ní àràárọ̀, mo ń rí wọn láti fèrèsé mi, wọ́n á dúró síwájú ìwé náà, wọ́n á máa wá ọkọ wọn.

Èmi náà ti sin ọkọ. Búbá rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi tí n kò tíì fọ̀ títí dòní. Síbẹ̀, n kò ro ti ẹlòmíràn.

Ọwọ́ mi ṣe àṣìṣe, ìyẹn ṣeé ṣàlàyé. Irọ́ tí mo pa ni kò ṣeé ṣàlàyé. Lọ́la ni n óò lọ kúnlẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú wọn dá ṣáká, bí wọn kò bá tilẹ̀ ní fẹ́ fi í rí mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé rẹ̀ sí ìkáwọ́ yín, ẹ má ṣe tún un ṣe. Bí ẹ bá sì ti tún un ṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó bá bi yín.