Òrùka Tó Wà Nínú Fọ́tò Ikùn Àpọ́nlé

Ìyá wa, ẹ má wulẹ̀ sún fún mi, n kò ní jókòó. Láti ìgbà tí dókítà ti fi fọ́tò inú ọmọ yẹn hàn wá ni ìjókòó ti kúrò lára mi. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ìdí ẹ̀rọ omi yẹn, kí n sì máa padà, torí bí mo bá dúró lójú kan, ohun tó wà lọ́kàn mi á bọ́ lẹ́nu mi bí kò ṣe yẹ kó bọ́, àna mi sì lẹ jẹ́, n kò fẹ́ ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yín dà, Ìyá wa? Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mò ń rí láti àárọ̀. Òsì ti wọ abẹ́ ìborùn lọ, kò jáde mọ́, bí ẹni pé òtútù ń mú un, nínú ooru Ọ̀tà yìí, tí fáànù ilé ìwòsàn yìí kò sì yí.

Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òrùka fàdákà bàbá tó jẹ́ ọkọ yín ni, Ọlọ́run kẹ́ wọn, èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là díẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá tọrọ Tóyìbát lọ́wọ́ yín ní Àtàn ni mo ti mọ̀ ọ́n ní ìka yín, torí òun ni mò ń wò nígbà tí ẹ̀rù ojú yín ń bà mí. Dókítà wá fi bírò tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ wò ó, ọmọ yín ti gbé òrùka mì." Mo wò ó. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là. Mo yí ojú sí ìka yín, ẹ̀yin náà sì fa ìborùn bò ó.

Ariwo kọ́ ni mò ń pa. Ohùn mi ni. Ẹ̀rọ tí mò ń tún ṣe nílé iṣẹ́ oníke ló sọ ọ́ dà báyìí, ẹni tí kò bá gbóhùn sókè níbẹ̀, ẹ̀rọ á ti gé e lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé ó ní kí wọ́n pa á. Ó dáa, mo ti rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi báyìí? Ìyẹn náà ni mo fẹ́.

Ọmọ ń bì láti ọjọ́ Àìkú. Ikùn rẹ̀ le gbandi bí ìlẹ̀kùn. A gbé e wá síbí, dókítà ní kí wọ́n ya fọ́tò ikùn náà kí òun lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tóyìbát kò lè wọlé torí oyún inú rẹ̀. Èmi bàbá rẹ̀ ní kí n dì í mú, Àpọ́nlé ní ọwọ́ ìyá àgbà nìkan lòun máa wà, ó fi èékánná ha mí lójú, ẹ wo àpá rẹ̀. Èmi ni mo tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo bọ́ yẹtí rẹ̀. Èmi ni mo wọ pátá òwú fún un, èyí tí kò ní irin kankan lára. Ògúnlàdé tó ń ya fọ́tò wá yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní ó péye. Ẹ̀yin lẹ gbé e wọlé. Ìlẹ̀kùn tì. Nígbà tí ìlẹ̀kùn máa ṣí, òrùka ti wà nínú ọmọ. Ta ló gbé e wọlé, Ìyá wa, ṣé afẹ́fẹ́ ni?

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Nǹkan tó wọ̀ mí lára jù ni pé wọ́n bi yín. Dókítà Fákọ̀yà, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọjọ́ orí àbúrò Tóyìbát lọ, ó kúnlẹ̀ síwájú yín níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò fi nǹkan kan sí ọmọ lára kí wọ́n tó ya á?" Ẹ ní rárá. Ìyá wa, ẹ ní rárá, pẹ̀lú ewú tó wà lórí yín, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ta ló máa wo irú orí funfun báyìí kó ní irọ́ ló ń pa? Dókítà náà dìde, ó gbọn eékún rẹ̀ nù, ó lọ kọ̀wé pé kí wọ́n gbé Àpọ́nlé lọ sí Èkó.

Ẹ rò pé mo dákẹ́? Mo tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní, "Dókítà, òrùka yẹn kò sí nínú ọmọ mi, ìka ìyá ìyàwó mi ló wà." Ó wo ojú mi títí. Ó ní, "Bàbá Àpọ́nlé, ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe àsìkò àwàdà." Torí kí ni? Torí pé nígbà tí a dé, mo bi Ògúnlàdé bóyá ó lè bá wa ya á ní pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pupa, kí ó fún wa ní ẹ̀dà mẹ́rin, torí wọ́n máa nílò rẹ̀ nílé ìwé. Ọkùnrin náà ti ń ṣàlàyé fún mi tọkàntọkàn kí nọ́ọ̀sì tó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ sì mọ ojú mi, kì í tú. Kì í ṣe àwọn ni mo ṣe é fún. Tóyìbát ti ń sunkún láti Toll Gate, mo ní kó ṣáà lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ó rín in, àní díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń jìyà rẹ̀ báyìí.

Mo padà lọ bá Ògúnlàdé, mo ní kó tún ọmọ yà. Ó ní iná tí wọ́n fi ń ya fọ́tò yẹn kì í ṣe iná àtùpà, wọn kì í tàn án sí ọmọ kékeré lára léraléra bí kò bá nídìí. Ó ní kí ni ìdí rẹ̀, nígbà tí màmá tó wà nínú yàrá pẹ̀lú òun ti ní àwọn kò fi nǹkan kan sí i? Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.

Rárá, Ìyá wa. Rárá. Ẹ má sọ pé bóyá ó gbé òrùka mìíràn mì. Kò sí òrùka mìíràn nílé wa, Tóyìbát kì í wọ̀ ọ́, èmi náà bọ́ tèmi torí ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ bí fọ́tò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má baà rò pé àlùjọ̀nnú ni. Ẹ gbé òrùka lé orí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ wá gba òkè wo ìkòkò náà, pẹ̀lú ojú tó ń rí inú irin. Ẹ máa rí ẹran, ẹ máa rí òrùka, ẹ ó sì fi Kùránì búra pé inú ọbẹ̀ ni òrùka wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iwájú nìkan ni wọ́n ti ya ọmọ. Ohun tó wà lórí ikùn àti ohun tó wà nínú ikùn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú fọ́tò.

Èyí tí kò jẹ́ kí n lè dúró nìyí o. Ọmọ ń bì. Ikùn rẹ̀ le. Kí ló ń ṣe é? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́. Kí òrùka tó dé, dókítà ń tẹ ikùn rẹ̀, ó ń fetí sí i, ó ń bi Tóyìbát ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Bí òrùka ṣe dé, gbogbo rẹ̀ dúró. Òrùka ti dáhùn ohun gbogbo. Àìsàn tó wà nínú ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n á gbé e dé Èkó, wọ́n á fi oògùn kùn ún lórun, wọ́n á ki rọ́bà oníná bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á tún wá a. Ohun tó wà lábẹ́ ìborùn ní Ọ̀tà ni wọ́n á máa wá nínú ọ̀fun ọmọ ọdún mẹ́ta ní Èkó. Bí rọ́bà kò bá rí i, ṣé ẹ mọ ohun tó kàn? Ẹ má jẹ́ kí n fẹnu mi pè é.

Ẹ wò ó, mo ti dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ tútù, kò burú. Nọ́ọ̀sì, ẹ máa kọjá lọ, nǹkan kan kò ṣe mí, ìyá ìyàwó mi ni mò ń kí. Bẹ́ẹ̀ ni, báyìí la ṣe ń kí wọn nílé wa.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ, etí mi ò mú un.

Aṣọ wo?

Hẹn-ẹn. Aṣọ òjé. Wọ́n gbé aṣọ wúwo yẹn kọ́ yín lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ yín wálẹ̀. Ẹ bi Ògúnlàdé pé kí ni èyí wà fún, ó ní kí iná má baà wọ̀ yín lára ni. Ẹ wá wo orí tábìlì. Àpọ́nlé nà sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí nǹkan lára rẹ̀ ju pátá lọ. Ẹ ní iná tí wọ́n ń fi irin dá dúró kó má wọ arúgbó tó ti jayé tán lára, òun náà ni wọ́n fẹ́ tàn sí ọmọ àná níhòòhò. Ẹ ní fàdákà bàbá ti bá yín la ohun púpọ̀ já. Ògúnlàdé kẹ̀yìn, ẹ fi í sí ìṣẹ́po pátá rẹ̀ lórí ikùn, nígbà tí wọ́n sì ya á tán, ẹ yọ ọ́ padà sí ìka.

Ẹ sún díẹ̀, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé. Inú Àpọ́nlé ni wọ́n fẹ́ rí, bí wọ́n bá fi òjé bò ó, òjé ni wọ́n máa rí. Ẹ̀yin ńkọ́, kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan nínú yín, ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi bò yín nìyẹn. Iná díẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ọmọdé, ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀ tí mi ò lọ sí pólì, ohun tí ẹ rò yẹn ni èmi náà máa rò. N kò bínú mọ́. Ó dáa, mo ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ó ti dín kù.

Ẹ dìde, ká jọ lọ. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ojú ń tì yín? Mo mọ̀. Ẹ ti ní rárá, ọmọ ọlọ́mọ sì kúnlẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Tóyìbát máa gbọ́, gbogbo Àtàn máa gbọ́. Ìyá wa, ẹ gbọ́ fèrè mọ́tò yẹn níta? Áńbúláǹsì ni. Àpọ́nlé ni wọ́n ń fun ún pè. Ìtìjú yín àti ọ̀fun ọmọ yìí, èwo lẹ fẹ́ kó sùn láìgbọgbẹ́ lónìí?

Kí n ṣe kí ni?

Ẹ ní kí n lọ sọ pé èmi ni. Pé èmi ni mo fi òrùka sí pátá rẹ̀ nígbà tí mò ń wọ̀ ọ́ fún un. Pé mo fẹ́ wo ojú Ògúnlàdé bó bá rí i ni. Ìyá wa, ẹ wo bí ẹ ṣe sọ ọ́, ojú yín náà kò tú. Mo sọ òótọ́, wọ́n ní àwàdà ni. Kí n wá lọ sọ pé àwàdà ni, kíá ni wọ́n máa gbà á ní òótọ́. Àgbàlagbà ọkùnrin, òṣìṣẹ́, baba ọmọ, kò sẹ́nikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn yìí tó máa ní èmi Ṣóbándé kò lè ṣe irú ẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wò mí. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n rín in tán.

Ẹ bọ́ òrùka náà wá. Ẹ fi itọ́ sí ìka, á yọ. Ó ti yọ. Tóyìbát máa bú mi dọjọ́ ìkómọ, kó máa bú mi, ọmọ á ti padà sórí tábìlì, wọ́n á tún máa wá ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló máa ṣe é, Ìyá wa. Ẹ gbọ́dọ̀ bá mi jà, kó lè jọ òótọ́. Ẹ ní ojú kò tì mí. Ẹ ní kí ni Tóyìbát rí lára mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ òsì nà mí léjìká, ó ti yá a láti jáde. Ẹ gbóhùn sókè sí i, Ìyá wa, dókítà ti ń bọ̀.