Kòkòrò Eyín Tí Ìyá Ń Sìn

Lórí bẹ́ǹṣì tá a ti ń dúró de dókítà eyín ní Ìdí-Àràbà, ìyá kan tí ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ń bá ọmọge tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀.

"Eyín kan ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lẹ lò sí i?"

"Hóró ṣúgà ni mo ń kì sínú ihò ẹ̀ lójoojúmọ́, kí kòkòrò lè rí nǹkan jẹ, kó fi eyín mi sílẹ̀."

"Yéè! Mọ̀mí, ṣúgà gan-an loúnjẹ ẹ̀! Tó bá jẹ ẹ́ tán, á tọ̀. Ìtọ̀ kíkan yẹn ló ń dá ihò sí eyín. Èmi náà ò lè mu gàrí láìsí ṣúgà o, àmọ́ ẹ̀yin, ẹ ń sìn ín ni!"

Ìyá fi ahọ́n wá eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri.

"Abájọ tó fi bímọ síbẹ̀."