Ọwọ́ Rẹ Ṣì Wà Nínú Omi

Nínú takisí tó ń ti Alábàtà bọ̀ wá sí Aké ni mo ti gbọ́ ọ, èmi tí mò ń díbọ́n pé fóònù ni mò ń wò: ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó àti ìyá aláró kan tí aró ti wọ èékánná rẹ̀; àwọn méjèèjì ò mọra rí.

“Ìyá, wọ́n ń kọ́ wa ní yoga níbi iṣẹ́. Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló wà nínú èèyàn: ọ̀kan wúwo bí oorun, ọ̀kan kì í sinmi, ẹ̀kẹta mọ́, ó sì dúró déédéé. Sátífà ni wọ́n ń pe ẹ̀kẹta yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mi ò ṣe jẹ ẹran àti àlùbọ́sà mọ́.”

“Ṣé o ti rí i?”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi ní Alábàtà se ọbẹ̀ ẹran dè mí. Mo ní irú oúnjẹ yẹn máa ń da ọkàn rú. Wọn ò bínú, wọ́n kàn gbé abọ́ wọlé. Láti ìgbà yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀.”

Ìyá náà wo èékánná rẹ̀.

“Tí a bá po eérú mọ́ omi tí a fẹ́ fi pa aṣọ láró, a máa ń fi í sílẹ̀ kó tòrò. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, gbogbo ìgbà ni mo máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti tòrò. Ìyá mi á ní, ‘Báwo ni yóò ṣe tòrò? Ọwọ́ rẹ ṣì wà nínú omi.’”

Nígbà tí a fẹ́ dé Aké, ọmọbìnrin náà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

“Ìyá, ibo lèèyàn ti ń wọkọ̀ padà sí Alábàtà?”