Orúkọ Hanifah Lókè Ìwé Aláriwo

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ní tíṣà rere ni mí, pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìkòròdú. Irọ́ ni. Kí n tó gba ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì yìí, màá sọ ohun tí mo ṣe, ẹ ó sì gbọ́ ọ tán.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Bólúwají ni mo fi ṣe olórí kíláàsì ní Pírámárì kẹrin. Bí mo bá ti jáde, òun ló ń kọ orúkọ àwọn aláriwo. Bí mo bá wọlé, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ jẹ pàṣán nìyẹn. Gbogbo ẹ̀yin tíṣà lẹ ń ṣe é, ẹ má wojú mi! Ojoojúmọ́ ni orúkọ Hanifah ń wà lókè, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀! Mo sì ń nà án. Ṣé orí mi pé?

Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi. "Mà, Bólúwají ní tí mi ò bá fún òun ní ẹja oúnjẹ mi, òun á máa kọ orúkọ mi ni." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti rí i tó ń gba ẹja ọmọ náà rí, mo ní eré ọmọdé ni. Bólúwají ló ń bá mi mú kíláàsì dákẹ́, mi ò fẹ́ wàhálà. Ni mo bá jágbe mọ́ Hanifah: "Olófòófó!" Mo na pàṣán sí Bólúwají: "Gbà, fún un ní mẹ́fà." Èmi, àgbà ìyà! Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Hanifah yíjú, pàṣán bà á lẹ́yinjú.

Kí n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo bi àwọn tó kù pé: "Ó ṣubú ni, àbí?" Wọ́n ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ojú ọ̀tún ọmọ náà kò ríran mọ́ títí dòní. Ìyá rẹ̀ gba irọ́ náà gbọ́, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tún gbé ẹja wá fún mi láti Ẹ̀pẹ́. Mo sì jẹ ẹ́! Nígbà tó yá, mo bi Humairah tó máa ń jókòó ti Hanifah ní kíláàsì pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ẹja náà fún mi látìgbà yẹn. Ó ní: "Mà, gbogbo wa mọ̀ pé ẹ mọ̀."

Ẹ̀yin tíṣà kékeré, ẹ má pè é ní eré mọ́. Ọmọ tó ń jìyà mọ̀ pé ìyà ni.

Ìyá Hanifah ló jókòó nídìí ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn ò mọ ìdí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ dárí jì mí, mà. Wọ́n ti dìde. Ẹ má dá wọn dúró o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀.