Bọ́ọ̀lù tí mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹrọ̀fọ̀

Tájù, ti ilẹ̀kùn yẹn kí ewúrẹ́ má baà wọlé bá wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún ni mo tìtorí rẹ̀ pè yín. Ogún wo ni mo tilẹ̀ ní? Àfáà Sùfíyánù, ọ̀rẹ́ mi, sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti gbé e sínú, ó ti sú mi, èmi náà sì ti sú ara mi. Àyà tó ń dùn mí yìí ò ní jẹ́ kí n rí ọyẹ́ tó ń bọ̀. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí èmi tó jáde.

Ẹ̀yin ọmọ ò bá pápá gọ́ọ̀fù àwọn òyìnbó. Eré náà ni kí wọ́n máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan káàkiri títí yóò fi wọ inú ihò; ẹni tí iye ìgbà tó gbá a bá kéré jù ló borí. Ihò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Èmi àti Sùfíyánù, tí a jọ ti Ìlọrin wá sí Tamale, là ń bá wọn gbé àpò ọ̀pá. Ibẹ̀ rẹwà, n ò ní purọ́. Bí o bá dúró lábẹ́ igi òrí ní ihò kẹfà, wà á máa wo oko ọkà bàbà lọ sí ọ̀nà Gumani títí ojú rẹ ò fi ní gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà burú fún ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Òkìtì ọ̀gán wà níhìn-ín, kòtò àgbàrá wà lọ́hùn-ún. Yíká ihò kọ̀ọ̀kan, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo dúdú ni, bọ́ọ̀lù á sì yọ̀ kọjá ihò bí ẹni tí kò rí i.

Ní ọdún 1932, ẹni tó ń tọ́jú pápá náà padà sí ìlú rẹ̀. Òyìnbó tó jẹ́ olórí wọn ní kí èmi àti Sùfíyánù gbá a yípo lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá borí ni yóò gba iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ìjọba ni, pẹ̀lú yàrá onípáànù. Mo fẹ́ ẹ débi pé oorun ò kùn mí. Nígbà tó di ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbá lọ kọ lu igi, ó sì padà sẹ́yìn mi. Ní ihò kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá a mọ́ òkìtì ọ̀gán kan náà. Òógùn ń wọ ojú mi. Sùfíyánù ń gbá tirẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Gàníyù, fara balẹ̀. Má bínú sí bọ́ọ̀lù, kò mọ̀ ọ́ rí." Àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. Nígbà tí a dé ihò keje, ó ti fi mẹ́rin borí mi.

Odò kékeré kan ló wà ní ihò keje, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwa méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù wa kọjá odò. Mo rí ibi tí tirẹ̀ bọ́ sí, ó rì dé ìdajì nínú ilẹ̀ rírọ̀ etí odò. Òyìnbó tó ń tẹ̀lé wa ṣì ń ṣáná sí ìkòkò tábà rẹ̀ lẹ́yìn, Sùfíyánù sì ń gba orí pákó kọjá. Mo la omi já, mo sì dé ibẹ̀ ṣáájú. Mo gbé gìgísẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà, mo tẹ̀ ẹ́, mo yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì mí, kò sì sí èṣù kankan níbẹ̀. Èmi ni.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá a títí, èmi alára ń fọwọ́ tú koríko. Òfin wọn ni pé ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sọnù yóò padà lọ gbá òmíràn, wọ́n á sì fi ọ̀kan kún iye rẹ̀. Ìgbà náà ni Sùfíyánù wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Gàníyù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀." Mo ní gbogbo wa la tẹ ẹrọ̀fọ̀. Òyìnbó bínú, ó fi Háúsá bi wá pé ta ló ń purọ́ nínú wa.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a fi Kùránì búra. Mo mọ̀ pé Sùfíyánù ò ní búra. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àfáà, ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fi Kùránì búra nítorí ohun ayé, kódà bí òótọ́ bá wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí àwo oúnjẹ wọn ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí mo mọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn mi ni mo fi mú un. Ó kàn wò mí, ó ní, "Haba, Gàníyù. Nítorí bọ́ọ̀lù?" Ó sì dákẹ́. Ìsá mègádì gbé Kùránì rẹ̀ wá, ó bi mí bóyá mo ti ṣe àlùwàlá. Mo ní mo ti ṣe é. N kò ṣe é. Ẹrọ̀fọ̀ ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ mi tí mo fi gbọ́wọ́ lé Kùránì, tí mo ní wàláì, n ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà, n ò fẹsẹ̀ kàn án. Òyìnbó ní ẹni tí kò lè búra ni òpùrọ́, ó sì lé Sùfíyánù kúrò ní pápá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Zogbeli, àdúgbò wa, ti gbọ́ pé ọmọ àfáà sá fún Kùránì. Bàbá mi Àbùbákàr, tó ti gba obì ìdána lọ́wọ́ Sùfíyánù nítorí Àdìjátù àbúrò mi, dá obì náà padà. Àdìjátù kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, kì í purọ́." Mo ní, "Kí ló dé tí kò búra, nígbà náà?" Ó dìde nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n fi í fún arúgbó oníṣòwò obì kan ní Salaga, oyún àkọ́kọ́ ló sì bá lọ. Àwọn ènìyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí ni mo rí jẹ níbẹ̀? Nígbà tí ogun Hitila dé, eré dáwọ́ dúró, màlúù ń jẹ̀ lórí ibi tí mo tìtorí rẹ̀ búra èké. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣọ́ pápá náà, bí òjò bá ti rọ̀, mà á mú ọkọ́ lọ sétí odò yẹn, mà á gbẹ́ ibí, mà á gbẹ́ ọ̀hún. Mo rò pé bí mo bá rí bọ́ọ̀lù náà, mà á lè gbé e wá bá ọ, kò ní pọn dandan kí n sọ̀rọ̀. N kò rí i. Ìwọ ní tìrẹ, o ń gbé kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, wá fún mi láràárọ̀, o ń bi mí bóyá mo sùn. Inú á bí mi, Sùfíyánù. Mà á ní kí ló dé tí ọkùnrin yìí ò bú mi?

Ìwọ ni lèmọ́mù wa báyìí. Ìwọ ni yóò kírun sí mi lára. Lẹ́yìn ìrun náà, wà á kọjú sí àwọn ènìyàn, wà á bi wọ́n pé irú ẹni wo ni mo jẹ́, wọ́n á sì ní ẹni rere ni, ìwọ náà á sì bá wọn sọ ọ́. Òótọ́ lo sọ létí odò, mo sì sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ènìyàn. N kò fẹ́ kí o tìtorí mi parọ́ níwájú Ọlọ́run. Bí o bá lè dárí jì mí, forí jì mí, nítorí Àdìjátù. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, nígbà tí wọ́n bá dáhùn lọ́jọ́ náà, ìwọ dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí o ṣe dákẹ́ níjọ́ yẹn.