Wọ́n Ní Egbò Lásán Ni Wọ́n Fẹ́ Fọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. 

Ní ọ̀sán òní, kí ẹ tó dé, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní níhìn-ín nítorí Màámá, ìyá bàbá mi, tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ẹbí ti gbà kí dókítà gé e. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un, kí àyà rẹ̀ má baà já.

"Ṣé fífọ̀ lásán ni?" Màámá ti bi mí láàárọ̀.

Bàbá Ṣọlá, àkọ́bí rẹ̀, dáhùn kí n tó lanu: "Fífọ̀ ni, Màámá. Ojo yín ti pọ̀ jù."

Màámá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o. Òun ni mo máa fi jó níbi ìgbéyàwó ọmọ yìí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ẹ̀rù Bàbá Ṣọlá ń bà mí, àánú Màámá ń ṣe mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹnu àdúrà náà ni oorun ti gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan mú mi lọ́wọ́ dé ibi ìsinmi. Áńgẹ́lì kan kúnlẹ̀ níwájú arúgbó kan.

"Bàbá, ṣé kí n fọ ẹsẹ̀ yín?"

"Dúró ná."

Áńgẹ́lì sì dúró. Mo sunkún.

Lẹ́yìn náà la sọ̀ kalẹ̀. Ibùsùn iná ló tẹ́ lọ rẹrẹ, wọ́n de èèyàn mọ́ ọn, dókítà, nọ́ọ̀sì, àkọ́bí, àbúrò, àwọn kan tí kò lójú sì dúró lé wọn lórí pẹ̀lú ayùn, wọ́n ń gé, wọ́n ń gé, àwọn tó wà lórí ibùsùn ń kígbe pé kí lẹ fẹ́ gé, ẹ bi mí, ẹ ṣáà bi mí, àwọn yẹn sì ń dáhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún pé fífọ̀ ni, fífọ̀ lásán ni, ohun tí wọ́n gé a sì tún hù, wọ́n a tún gé e.

"Àwọn tó fi irọ́ gba ara ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí," ni amọ̀nà mi wí.

Mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà, kí n lọ sọ fún un!"

"Ẹnu rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀."

Fóònù ló jí mi. Bàbá Ṣọlá ni. "Wọ́n ti ṣe é tán. Màámá ti jí. Ó ní ẹsẹ̀ náà ń yún òun, kí ìwọ wá bá òun họ ọ́. Tóo bá dé, má sọ nǹkan kan o."

Ẹ̀yin ará, ẹni yín tó wà lórí ibùsùn tó ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè lónìí. Ẹ má wo ojú ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì pe irọ́ ní àánú. Láti ibí ni mo ti ń lọ sí ọsibítù. N kò mọ ohun tí mo máa họ fún un.